Fìlọ́sọ́fì Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Tìrẹ: Ìbéèrè Táwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Máa Ń Bi Mí

Lọ́dọọdún, tí àsìkò bá ti tó tí olùkọ́ máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ fìlọ́sọ́fì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tirẹ̀, àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí wọ́n ń mú wá jọra bí ìbejì: "Mo gbà pé ọmọ èèyàn jẹ́ ara, ọkàn àti ẹ̀mí…" Ọ̀rọ̀ náà dára o, ṣùgbọ́n mo kà á títí, n ò rí ọmọ tó kọ ọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ìbéèrè wọn jọ síbí, tí mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn tí a bá jókòó sídìí tábìlì nọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí a bá ti pín oògùn alẹ́ tán.

Ma, kí ni wọ́n ń pè ní fìlọ́sọ́fì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an?

Ohun tí o gbà gbọ́ nípa ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú rẹ ni, àti ohun tí ìgbàgbọ́ yẹn ń mú kí ọwọ́ rẹ ṣe. Mo dárúkọ ọwọ́ torí pé ẹnu lè sọ ohunkóhun. Nọ́ọ̀sì tó gbà pé aláìsàn ní ìtìjú á fa súkúrínì, ìyẹn aṣọ ìkélé tó ń bo bẹ́ẹ̀dì, kó tó ṣí aṣọ lára rẹ̀. Èyí tí kò gbà bẹ́ẹ̀ á ṣí i lójú gbogbo wọ́ọ̀dù, kódà kó ti kọ ojú ewé mẹ́wàá nípa iyì ọmọ èèyàn. Gbogbo wa la ti ní fìlọ́sọ́fì tiwa, yálà a mọ̀ tàbí a ò mọ̀. Tí o bá kọ ọ́ sílẹ̀, wàá lè rí i, wàá sì lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan tí o kò lè gbàgbé. Má tíì ṣí ìwé kankan. Jókòó, rántí ẹnì kan ṣoṣo, kí o kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́: ohun tí o rí, ohun tí o gbọ́, ohun tí wọ́n ṣe fún un, àti èyí tí wọn ò ṣe.

Tèmi rèé. Mo wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n ní kí n lọ sí wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ti àwọn ọkùnrin. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí egungun itan rẹ̀ ti dá, kò lè dá yí ara rẹ̀ padà. Gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ là ń sá fún un, torí pé tí a bá ti gbé bàsíà omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti nu ara rẹ̀, ariwo ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, sístà àgbà tó ń darí wọ́ọ̀dù pè mí, ó ní kí n wá di bàsíà mú fún òun. Ó bu omi gbígbóná sí tútù, ó ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́, ó tún bu díẹ̀ sí i. Ó fa súkúrínì yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ó tẹ̀ ba títí ojú rẹ̀ fi bá ojú bàbá dọ́gba, ó ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. A fẹ́ bá yín nu ara. Apá ọ̀tún la máa fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń dùn yín, ẹ sọ, a ó dúró." Ibi tó ń nù nìkan ló ṣí sílẹ̀, ó fi aṣọ bo ìyókù. Nígbà tó kan ìsàlẹ̀ ara, ó fọ tówẹ́ẹ̀lì kékeré, ó fi ọṣẹ sí i, ó ki tówẹ́ẹ̀lì náà bọ bàbá lọ́wọ́: "Ẹ bá wa nu ibí yìí fúnra yín, sà." Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi náà yíjú.

Bàbá ò pariwo rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yí i padà, a rí i pé ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ ti ń pọ́n, egbò àtìdùbúlẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú ni bàbá fi ń pariwo, ariwo ló ń lé wa sá, sísá tí a ń sá ni egbò fẹ́ gbà wọlé. Ohun tí mo rí lẹ́yìn súkúrínì lọ́jọ́ yẹn ni ìdajì ohun tí mo gbà gbọ́ títí dòní: ẹni tí a bá ti dójú tì, kò ní jẹ́ kí a tọ́jú ara rẹ̀.

Nígbà tí o bá kọ ìtàn tìrẹ tán, bi ara rẹ léèrè pé, kí ni ìtàn yìí fi hàn pé mo gbà gbọ́? Ìdáhùn yẹn ni gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ.

Ṣé ìtàn tó dára nìkan ni mo lè lò?

Rárá. Èyí tó dùn ọ́ jù ló sábà máa ń kọ́ni jù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ni, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn kan. Màmá kan pè mí: "Nọ́ọ̀sì, omi." Mo bu omi sínú ife, mo gbé e sórí àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò pẹ́, ó tún pè. Mo ní, "Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, màmá." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, n ò dìde níbi tí mo jókòó sí. Mo pariwo pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù sùn!" Màmá dákẹ́. Nígbà tí mo lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìdájí, omi kún ife dẹ́nu. Kò fẹnu kàn án. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó máa ń sùn tì í kò rí àyè wá lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù ló ń ba màmá nínú òkùnkùn.

Ojú ti mí gidigidi. Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn kan ti wà nínú fìlọ́sọ́fì mi: tí aláìsàn bá pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí ohun kan náà, màá jókòó tì í. Ìṣẹ́jú kan tó. Nígbà tí mo padà ka Hildegard Peplau, onímọ̀ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ti kọ ọ́ láti ọdún 1952 pé àjọṣe tó wà láàárín nọ́ọ̀sì àti aláìsàn fúnra rẹ̀ wà lára ìwòsàn, ife omi yẹn ni mo rí lójú ewé náà.

Olùkọ́ ní ká lo àwọn onímọ̀ àgbà. Wọ́n pọ̀ jù, ta ni kí n mú?

Mú ẹnì kan tàbí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bá ìtàn rẹ mu. Kíkó orúkọ mẹ́jọ jọ sínú ojú ewé kan kì í ṣe ọgbọ́n.

Florence Nightingale lọ tọ́jú àwọn sójà ní Scutari lọ́dún 1854, nígbà ogun Crimea. Ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1859 dá lórí afẹ́fẹ́ tó mọ́, ìmọ́lẹ̀, omi, oúnjẹ, ìmọ́tótó àti ìdákẹ́jẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti tún àyíká aláìsàn ṣe kí ara rẹ̀ lè ráyè wo ara rẹ̀ sàn. Tí o bá ti ṣiṣẹ́ rí ní wọ́ọ̀dù tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí, tí ooru sì ń pa àwọn aláìsàn, ìwọ àti Nightingale lè jọ sọ̀rọ̀.

Virginia Henderson ni èmi fẹ́ràn jù. Ó ka àìní ọmọ èèyàn sí 14, látorí mímí, jíjẹ àti mímu, títí dórí sísin Ọlọ́run bó ṣe wu èèyàn, ṣíṣe iṣẹ́ ẹni àti ṣíṣeré. Lójú tirẹ̀, ohun tí aláìsàn ì bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ká ní ó ní agbára, ìfẹ́ ọkàn tàbí ìmọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń bá a ṣe, kí ó sì ṣe é lọ́nà tí aláìsàn á fi tètè padà dá dúró. Sístà tó ki tówẹ́ẹ̀lì bọ bàbá lọ́wọ́ lè má dárúkọ Henderson láyé rẹ̀, ohun tí Henderson sọ ló ṣe. Dorothea Orem náà wà ní ẹ̀gbẹ́ yìí: ó ní ìgbà mìíràn a ó ṣe gbogbo rẹ̀ fún aláìsàn, ìgbà mìíràn a ó pín in ṣe, ìgbà mìíràn ẹ̀kọ́ àti ìṣírí nìkan la ó fún un.

Madeleine Leininger yẹ kí ọmọ Yorùbá kà dáadáa. Ọ̀nà mẹ́ta ló là sílẹ̀ tí a bá bá àṣà aláìsàn pàdé: ká dá a sí, ká jọ dúnàádúrà lórí rẹ̀, tàbí ká ràn án lọ́wọ́ láti yí i padà. Ẹ jẹ́ ká wo màmá tó ń mu àgbo pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí o bá bú u, á máa mu ún ní kọ̀rọ̀, o kò sì ní mọ ìdí tí ìfúnpá rẹ̀ fi ń já sókè-sódò. Tí o bá bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Màmá, kí lẹ tún ń lò nílé?" á sọ fún ọ, wàá sì lè sọ fún dókítà. Tàbí ìyá tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ tó ní ìlẹ̀kẹ̀ ní ìdí. Ó gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀, torí ó lè fún un tí ara bá wú, iná ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ sì lè jó o níbẹ̀ bí irin bá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó jẹ́ sísọ́ọ̀sì ìwọ nọ́ọ̀sì ló máa gé e? Fa súkúrínì, ṣàlàyé fún un, jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tú u, kó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣé àwọn òyìnbó nìkan ló ń ronú ni, ma?

Inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè yìí. Lọ ka ìtàn Kofoworola Abeni Pratt. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i nílùú Èkó. Ó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London, ní ilé ẹ̀kọ́ tí Nightingale dá sílẹ̀ lọ́dún 1860, ó sì wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ nínú ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Aláìsàn kan kọ̀ kó tọ́jú òun nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó padà sílé, òun ló sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù, ìyẹn olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn. Ó kópa ńlá nínú dídá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1965, ó di olórí nọ́ọ̀sì fún gbogbo Nàìjíríà, wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale dá a lọ́lá lọ́dún 1973. Èmi rò pé ẹni tí wọ́n ti kọ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀ mọ ohun tí ó jẹ́ láti wo èèyàn bí èèyàn.

Ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ní àárín ọdún 1950 sí 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ṣètò kí àwọn tí àárẹ̀ ọpọlọ ń ṣe máa gbé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí ìbátan wọn kan bá wọn gbé, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa bá aráyé ṣe. Tí olùkọ́ bá ní kí o kọ nípa "àyíká", kí ló dé tí o kò fi Arò ṣe àpẹẹrẹ?

Ṣé ìwà ọmọlúàbí kò tó? Ṣebí òun náà ni fìlọ́sọ́fì.

Ìpìlẹ̀ tó dára ni. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, mo sì ti rí aláìsàn tó kọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì mẹ́ta, tó wá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ kí i. Pé kí o kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà, kí o má pè é ní "bẹ́ẹ̀dì méje", gbogbo rẹ̀ wà nínú ọmọlúàbí.

Àmọ́ ibì kan wà tó ti máa ń bà mí lẹ́rù. A ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í já àgbà nírọ́. Nígbà tí dókítà àgbà bá wá kọ ìwọ̀n oògùn tó pọ̀ jù, ọmọ tó kọ́ ọmọlúàbí lódì á dákẹ́, á sì fún aláìsàn. Ọmọ mi, ìdákẹ́jẹ́ yẹn lè pa èèyàn. Ọ̀nà wà láti sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún ìwọ̀n oògùn yìí wò, kò yé mi." Bó bá bínú, tún un sọ. Bó bá kọ̀, má fún aláìsàn, lọ bá ọ̀gá rẹ, kọ ọ́ sínú ìwé. Jẹ́ kí èyí wà nínú fìlọ́sọ́fì rẹ ní kedere, torí pé ọjọ́ tó máa ṣẹlẹ̀, o kò ní ráyè ronú.

Ṣé kí n kọ ẹ̀sìn mi sí i?

Tó bá jẹ́ pé òun ló gbé ọ wọṣẹ́, kọ ọ́. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀sìn rẹ kó tó rí ìtọ́jú rẹ gbà. Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó kọ ẹ̀jẹ̀, mùsùlùmí tó fẹ́ kí nọ́ọ̀sì obìnrin nìkan kan òun, oníṣẹ̀ṣe tó so oǹdè mọ́ apá: bákan náà ni ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ rọ̀ lára gbogbo wọn. Tí aláìsàn bá ní kí o gbàdúrà fún òun, kò burú. Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, má gbàdúrà lé e lórí.

Olùkọ́ ní ká kọ nípa èèyàn, ìlera, àyíká àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: ṣé dandan ni kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀ ọ́?

Fún máàkì, bẹ́ẹ̀ ni. Gbólóhùn méjì-méjì tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣáà rí i pé o kò sọ pé ìlera ni àìní àìsàn, torí o máa pàdé oníṣúgà tó ń tajà, tó ń jó níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tó ní ara òun le. Kí lo máa sọ fún un?

Nọ́ọ̀sì méjì fún aláìsàn tó lé ní 30, kò sómi, kò sí ìbọ̀wọ́. Fìlọ́sọ́fì wo ló kù?

Mo mọ ohun tí ò ń sọ. Mo ti ṣiṣẹ́ ní alẹ́ tó jẹ́ pé àwọn ará ilé aláìsàn ló ń tan iná fóònù fún mi kí n lè rí iṣan tí mo fẹ́ ki dírípù sí. N ò ní sọ fún ọ pé ìfẹ́ á rọ́pò omi.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe ni kí wọ́n pín fìlọ́sọ́fì wọn sí méjì: ohun tí mo fẹ́ ṣe tí gbogbo nǹkan bá wà, àti ohun tí n kò ní ṣàì ṣe bó ti wù kó le tó. Èkejì gbọ́dọ̀ kúrú. Tèmi jẹ́ mẹ́rin. Màá fọ ọwọ́ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, bó jẹ́ omi inú kẹ́ẹ̀gì. Màá pe aláìsàn ní orúkọ rẹ̀. Tí kò bá sí súkúrínì, ìró ìyàwó aláìsàn tí èèyàn méjì dì mú máa ń ṣe é. Ẹ̀kẹrin ló le jù: n kò ní kọ ìfúnpá tí n kò wọ̀n. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Aago mẹ́fà ń lù, wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ojú ìwé ṣófo, ọwọ́ á sì fẹ́ kọ 120/80, ìfúnpá ẹni tí ara rẹ̀ le, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fi í sílẹ̀ ní òfìfo, kí o kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Àlàfo yẹn á jẹ́ kí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ mọ ẹni tó yẹ kó sáré lọ wò. Nọ́ńbà irọ́ á ní kó fọkàn balẹ̀.

Kí o sì máa kọ àìtó nọ́ọ̀sì àti àìsí omi sínú ìròyìn iṣẹ́ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí a bá ń fi ìfaradà bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn tó yẹ kó tún un ṣe á gbà pé ó ń lọ dáadáa.

Àwọn ọmọ bàbá ní ká má sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni. Kí ni kí n gbà gbọ́?

Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, má bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n bàbá ló ni ara rẹ̀. Ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2018 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe é. Bi bàbá pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà máa ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún yín, àbí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ?" Àwọn kan á ní kí a sọ fún àkọ́bí. Ìyẹn náà dára, torí òun ló yàn án. Irọ́ nìkan ni kí o má pa tó bá wojú rẹ tó bi ọ́.

Mò ń lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé ó máa wúlò níbẹ̀?

Á wúlò dáadáa. Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì ń tún ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe níbẹ̀: ó kéré tán, wákàtí 450 lẹ́nu iṣẹ́, wákàtí 35 fún ẹ̀kọ́, èsì márùn-ún látọ̀dọ̀ àwọn èèyàn, àti ìrònú márùn-ún tí o kọ sílẹ̀ lórí iṣẹ́ rẹ. Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń kọ ìtàn ife omi kò ní ṣòro fún. Múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ orúkọ: ìyá ẹni 80 ọdún á ní kí o pe òun ní Margaret lásán, ahọ́n rẹ á sì wúwo. Pè é bó ṣe fẹ́. Ohun tó wà nídìí "màmá" tí à ń pè nílé kò yàtọ̀ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí tiyín.

"Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ti ní orúkọ, ilé àti iṣẹ́ kó tó di aláìsàn, ibẹ̀ náà ló sì ń wá bó ṣe máa padà sí. Màá bi í bó ṣe fẹ́ kí n máa pe òun. Màá sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n tó fọwọ́ kàn án. N kò ní ṣí i sílẹ̀ lójú ẹlòmíràn. Ohun tó bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, màá dúró kó ṣe é, bó tilẹ̀ pẹ́. N kò ní kọ ohun tí n kò wọ̀n. Tí ìwọ̀n oògùn bá rú mi lójú, màá bèèrè, ẹni yòówù kó kọ ọ́. Tó bá pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, màá jókòó. Bó bá ń kú lọ, n kò ní jẹ́ kó dá wà."

Má dà á kọ o. Àwọn aláìsàn tèmi ló wà nínú rẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n tún un kọ?

Tí aláìsàn kan bá ti já ọ nírọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún tèmi kọ. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ nígbà tí wọ́n dá ìyá mi dúró sí ilé ìwòsàn, tí mo jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwọ yúnífọ́ọ̀mù, tí nọ́ọ̀sì kan kọjá tó ní, "Mò ń bọ̀, ma." Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àìmọye èèyàn. Mo wo ẹnu ọ̀nà yẹn títí ọrùn fi dùn mí. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo fi gbólóhùn kan kún un: tí mo bá ní mò ń bọ̀, màá sọ aago tí màá dé.